Eérú Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò

Ní abúlé Ìdí-Amọ̀, obìnrin ló ń mọ ìkòkò, ọkùnrin ló ń roko, kò sì sí ẹni tó mọ ìkòkò tó Àwẹ̀ró. Ìkòkò rẹ̀ kì í jò, kì í sì í sán. Ìyàwó tuntun tí wọn kò bá fi ìkòkò Àwẹ̀ró sínú ẹrù rẹ̀ a máa rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ẹsẹ̀ ti kọ̀ fún arúgbó náà báyìí. Ibi tí Àwẹ̀ró bá gbé e sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni yóò wà títí Àwẹ̀ró yóò fi padà wá gbé e. Àwẹ̀ró fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ìkòkò. Wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á fi igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á sì ṣáná sí i. Bẹ́ẹ̀, ilé koríko ni gbogbo abúlé. Nítorí náà làwọn ìyá àgbà ṣe fi òfin lélẹ̀ pé eérú kò gbọdọ̀ kúrò níbi ìsunkòkò lọ́jọ́ tí wọ́n sun ún. Bílẹ̀ bá mọ́, kí amọ̀kòkò bu omi sí i, kó sì tọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́, kó tó kó o dànù. Eérú kì í ṣe ohun tí à ń fojú mọ̀. Òkè rẹ̀ a funfun, a sì tutù, ẹyín iná a wà nísàlẹ̀ tí ń ṣe bí ẹni tó sùn.

Ọdún kan wá dé tí ọ̀gbẹlẹ̀ le. Odò tó wà nítòsí gbẹ, ìwọ̀nba omi tó kù nílé Àwẹ̀ró sì ni èyí tó fi ń po amọ̀. Ọjà ku ọ̀la, ẹrù ìyàwó wà lọ́rùn rẹ̀, ìkòkò tó sun láàárọ̀ kò sì tó. Ó fẹ́ sun òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ eérú ti àárọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó mú àpáàdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àwẹ̀ró, ṣé eérú yẹn ti tutù?"

"Ó ti tutù, Ìyá."

"Ṣé o tọwọ́ bọ̀ ọ́?"

Àwẹ̀ró fi orí ìka kan òkè eérú náà. Ó tutù lóòótọ́. "Mo ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, Ìyá," ló wí.

Arúgbó náà gbà á gbọ́. Ta ni yóò rò pé ọmọ òun lè purọ́ nítorí eérú?

Àwẹ̀ró kò dà á sẹ́yìn ilé tirẹ̀, torí ibẹ̀ ló kó koríko tí yóò fi sun ìkòkò jọ sí. Ẹ kíyè sí i: ó mọ̀ pé iná lè wà nínú rẹ̀. Inú igbó ààlà ló dà á sí, lẹ́yìn àká àgbàdo Baba Ọdẹ́wálé, aládùúgbò rẹ̀. Àgbàdo tí ilé Ọdẹ́wálé yóò jẹ àti èyí tí wọn yóò gbìn ló wà nínú àká náà.

Ọdẹ́wálé jáde. "Àwẹ̀ró, ẹ̀yìn àká mi lo da eérú sí nínú ọyẹ́ yìí?"

"Ẹ má bínú, Baba. Ó ti tutù."

"Ọmọ mi, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lọ bu omi sí i."

"Omi wo, Baba? Omi tí mo fi ń po amọ̀? Afẹ́fẹ́ ò kúkú fẹ́ wá sọ́dọ̀ tèmi."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Omi ti tán nílé Ọdẹ́wálé náà, àwọn ìyàwó rẹ̀ sì ti lọ pọn omi lọ́nà jíjìn. Ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo àyíká àká rẹ̀ títí erùpẹ̀ fi hàn. Ó kù kó yíjú sí eérú náà kó bò ó mọ́lẹ̀ ni iná sọ nínú igbó. Àwẹ̀ró ti lọ ṣẹ́gi nígbà náà.

Iná náà jó dé ilẹ̀ tí Ọdẹ́wálé ro, kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Bí òòrùn sì ti ń rọ̀, afẹ́fẹ́ yí padà. Iná bá igbó ààlà lọ, ó kan koríko Àwẹ̀ró, láti ibẹ̀ ló sì gun òrùlé.

Láti inú igbó ni Àwẹ̀ró ti rí èéfín. Àká Ọdẹ́wálé ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ó sì ti ń wá ohun tí òun yóò sọ. Ìgbà tó sún mọ́ ilé ló rí i pé òrùlé tirẹ̀ ni. Ó ju igi sílẹ̀. "Ìyá mi o! Ẹ gbà mí! Ìyá mi wà nínú ilé!"

Ọdẹ́wálé ti wọlé kó tó dé. Ó pọn arúgbó náà sẹ́yìn jáde, irun orí òun fúnra rẹ̀ ti jó. Ṣùgbọ́n èéfín ti kún àyà ìyá. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ pẹ́.

"Àwẹ̀ró, o ní o tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Kò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn àgbà péjọ síwájú ilé tó jó náà láti mọ ẹni tó dá iná. Kí Ọdẹ́wálé tó lanu, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ọyẹ́ fẹ́, eérú ilé rẹ̀ gbéra, ó bò ó lórí. Ó dìde lọ sí abẹ́ igi lódìkejì, afẹ́fẹ́ yí, eérú náà tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ó sunkún títí ẹnu rẹ̀ fi kún fún eérú. Ìyá tó dàgbà jù nínú àwọn amọ̀kòkò nawọ́ dá àwọn tó kù dúró.

"Ẹ má bi í léèrè mọ́," ló wí. "Eérú tó dà ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀."

Látijọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di òwe lẹ́nu àwọn àgbà pé, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.