Lọ́yà Tó Fi Ẹkún Kún Ẹjọ́

Ọkùnrin kan wà tó ṣe iṣẹ́ lọ́yà títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó yá, ó fi kóòtù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìtàn. Ọ̀rọ̀ ọ̀daràn àti ilé ẹjọ́ ló ń kọ, torí ohun tó mọ̀ jù nìyẹn.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ẹjọ́ tó ti rò tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan oníbàárà rẹ̀ pé ó dáná sun sọ́míìlì àbúrò rẹ̀, ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì jóná mọ́ ọn. Wọ́n dá ọkùnrin náà lẹ́bi, ó sì kú sẹ́wọ̀n. Nígbà tí lọ́yà fi ẹjọ́ yìí ṣe ìwé, ó yí orúkọ gbogbo wọn padà. Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ kò dùn tó lójú rẹ̀. Ló bá kọ ọ́ pé nígbà tí adájọ́ ní kí ọ̀daràn sọ tẹnu rẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó dárúkọ ìyàwó rẹ̀, ó ní obìnrin náà ló rán òun níṣẹ́. Ìwé náà tà gan-an, àwọn ará ìlú sì mọ ẹni tó ń bá wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, opó ọkùnrin náà wá sílé lọ́yà. Ó ní àwọn ọmọ òun ti ka ìwé náà, wọn ò yà sọ́dọ̀ òun mọ́. Òun ò bá ìjà wá. Ọsibítù lòun wà lọ́jọ́ ìdájọ́, òun ò gbọ́ ohun tí ọkọ òun sọ kẹ́yìn.

“Lọ́yà, ẹ̀yin lẹ dúró tì í. Ṣé ó dárúkọ mi?”

Lọ́yà fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n ó ní kó fún òun láyè kí òun wádìí rẹ̀. Ó dá a lójú pé òun lòun fi ẹkún yẹn sí i. Orúkọ náà ńkọ́? Ó ń gbọ́ ọ ní etí ara rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá kóòtù ló ti gbọ́ ọ ni, tàbí orí tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀.

Òjò ti ba àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà jẹ́ nígbà tí atẹ́gùn ṣí òrùlé kóòtù. Lọ́yà wá tọ adájọ́ tó dá ẹjọ́ náà lọ, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì.

Adájọ́ ní, “Ṣé ìyẹn ṣeé gbàgbé ni? Mo ṣì ń rí i bó ṣe bú sẹ́kún, tó ń dárúkọ ìyàwó rẹ̀.”

Lọ́yà rọra béèrè bóyá bàbá ti ka ìwé òun. Bàbá ní òun ti kà á, òun sì tún un kà.

Lọ́yà wá rí i pé ìwé òun ni bàbá ń rántí, kì í ṣe kóòtù. Ó lọ bá opó náà, ó sì ní kí ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀. Níwájú wọn ló ti sọ pé irọ́ ni ẹkún yẹn.

“Ní ti orúkọ yín, màmá, mi ò mọ̀ mọ́.”

Obìnrin náà ní, “Ta ló wá mọ̀ ọ́n?”

Àkọ́bí obìnrin náà dìde láti jókòó ti ìyá rẹ̀, ó dúró láàárín ilé, kò lè lọ, kò lè padà.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, o ò ṣe lọ́yà, o ò kọ̀wé rí. Ṣùgbọ́n lánàá, o ń ròyìn ìjà tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ jà, o sì fi gbólóhùn kan sí i lẹ́nu kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Lónìí, padà lọ bá àwọn tó gbọ́ ọ, kí o sọ òótọ́ fún wọn, nígbà tó o ṣì mọ èyí tó sọ yàtọ̀ sí èyí tó o fi kún un.