Ọ̀bọ, Ọ̀pọ̀lọ́ àti Omi Ẹ̀yìn

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ọdún tí kànga agboolé wa gbẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́ yìí lẹ́nu ìyá bàbá mi. Àlọ́ mi fò, ó fò, kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé. Orí Ọ̀bọ ló bà sí.

Ní ìgbà kan rí, Erin ni ọba gbogbo igbó. Orí òkè ló ń gbé. Ẹfọ̀n ni olórí Agbedeméjì. Ọ̀pọ̀lọ́ sì ni olórí Ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ẹranko kéékèèké wà. Lọ́dún kan, ọ̀dá dá. Adágún Ìsàlẹ̀ gbẹ, ó ku ìwọ̀nba omi tí àwọn ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Wọn ò tíì hu ẹsẹ̀. Bí omi bá tán, wọ́n tán nìyẹn.

Erin fi eyín rẹ̀ wa ilẹ̀ lórí òkè, omi sì tú jáde. Ó pe Ọ̀bọ, ìránṣẹ́ Ẹfọ̀n.

"Kí Ẹfọ̀n mu nínú rẹ̀, kó sì jẹ́ kó kọjá. Sọ fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ pé, omi tó ń bọ̀ yìí, ti ẹ̀yin ni."

"Ó ti yé mi, Kábíyèsí."

Ó yé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀bọ ní ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ní Agbedeméjì. Kó tó dé Ìsàlẹ̀, ó ti fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ọba ní kí n kí yín. Ó ní omi tó ń bọ̀ yìí, ti ẹ̀yìn ni."

Ọ̀pọ̀lọ́ yọjú síta. "Ẹ̀yìn wo?"

"Ẹ̀yìn ìgbà tí àwa bá mu tán, Ìyá."

"Ìgbà wo lẹ máa mu tán?"

"Ṣé ẹ ò mọ bí ọ̀fun Ẹfọ̀n ṣe gùn tó ni?" Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín, ó gba orí igi lọ.

Bó ṣe dé ilé, ó ní kí wọ́n fi igi àti ẹrẹ̀ dí ojú omi. Ó sọ fún Ẹfọ̀n pé, "Baba, ẹ jẹ́ ká da tiwa àti ti Ìsàlẹ̀ pọ̀ sójú kan. Àwa la máa bá wọn tọ́jú ẹ̀. Wọ́n kéré, wọn ò mọ omi lò." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Ẹfọ̀n.

Ọ̀pọ̀lọ́ dúró títí. Nígbà tí omi àwọn ọmọ rẹ̀ kò ju omi inú àwo lọ, ó ní, "Màá lọ gbọ́ ẹ̀yìn yìí lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́." Ó fò, ó sinmi, ó tún fò. Ní Agbedeméjì, ó bá Ọ̀bọ nínú omi.

"Ọ̀bọ, ẹ̀yìn ò tíì dé ni?"

"Ó kù díẹ̀, Ìyá. Ibo lẹ ń lọ?"

"Mò ń lọ kí ọba."

Ara Ọ̀bọ ò balẹ̀ mọ́. Ó sáré bá Ẹfọ̀n. "Baba, wọ́n fẹ́ wá gba omi o. Ẹ jẹ́ ká mọ ògiri ẹrẹ̀ yìí ga sí i, ká kó gbogbo omi tá a bá lè kó jọ." Wọ́n mọ ọ́n ga.

Lórí òkè, Ọ̀pọ̀lọ́ kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, mo wá bèèrè ẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn kí ni?"

"Ẹ̀yìn tí ẹ ní omi wa máa dé."

Erin na etí méjèèjì. "Ẹ̀yin ni mo wí. Ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ."

"A jẹ́ pé ohùn yín já bọ́ lọ́nà. Ẹ ò sì sọ̀ kalẹ̀ wá wo ibi tó bọ́ sí."

Erin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Ẹ̀yìn tèmi rèé, gùn ún ká lọ."

Wọn ò tíì dé Agbedeméjì tí ògiri ẹrẹ̀ fi ya. Omi tí kò ríbi gbà já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbá abà àgbàdo Ẹfọ̀n, ó gbá ọgbà Ọ̀bọ, ó gbé Ọ̀bọ fúnra rẹ̀ kọ́ sórí igi ẹlẹ́gùn-ún. Ó sì ya lọ sí Ìsàlẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ dí i?" Erin bèèrè.

Ẹfọ̀n wo Ọ̀bọ lórí ẹ̀gún. Ó wá gbé ojú kúrò. "Èmi ni mo gbà, Kábíyèsí. Èmi ni olórí."

Ìwo rẹ̀ ló fi la ojú omi méjì, ọ̀kan fún Agbedeméjì, ọ̀kan fún Ìsàlẹ̀, wọn ò sì pàdé. Láti ìgbà náà, bí Erin bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Ìsàlẹ̀, ará Ìsàlẹ̀ kan á wà níbẹ̀ tí yóò fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: ẹni tó wà láàárín, kó jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Ẹni tó wà lókè, kó máa sọ̀ kalẹ̀ wá wò. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, kó má jókòó de ẹ̀yìn. Kó gòkè lọ bèèrè.

Ohun tó bá omi lọ ni abà àgbàdo kan, ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, àti ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ méje. Àwọn yòókù hu ẹsẹ̀.