Ìkookò Dárin, Kò Rí Elégbè

— Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Òótọ́ pọ́nńbélé ni àlọ́ yìí, mo fi ilẹ̀ tí mo tẹ̀ búra. Ó dáa, mo fi eruku orí ilẹ̀ búra. Ìdajì rẹ̀ ṣá jẹ́ òótọ́. Àlọ́ mi ta pọ́n-ún, ó ta pàó, ó bọ́ lu Ọ̀pọ̀lọ́ létí odò.

Lọ́dún kan, ọ̀dá dá. Odò ń gbẹ, ẹ̀rù ń ba àwọn ẹranko. Ni Ìkookò bá gun orí àpáta, ó ní, "Mo ti mọ àwọn tó ń mu omi wa tán: àwọn tí kò nírù!" Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́, á dárin, gbogbo ẹranko á máa gbè é. Ẹ bá mi gbè é ná:

Ta ló ń mu odò wa gbẹ?
— Aláìnírù ni!
Ta ni ká lé lọ?
— Aláìnírù ni!

Wọ́n gbè é títí wọ́n fi lé Akàn jáde nílùú. Ọ̀pọ̀lọ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀: ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Òun ló kàn.

Gbì, gbì, gbì, ó fò lọ bá Ọ̀yà. "Bàbá Ọ̀yà, Atẹnimọ́lẹ̀ ti dé o!"

Ọ̀yà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́! Mo jẹ koríko ẹnu ọ̀nà yín, ẹ ní Atẹnimọ́lẹ̀ ni mí. Ewúrẹ́ wúkọ́, ẹ ní Atẹnimọ́lẹ̀ ni. Ta ló kù tí ẹ ò tíì pè bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀pọ̀lọ́ ti fi orúkọ náà ṣeré títí ó fi kú mọ́ ọn lẹ́nu. "Mo jẹ̀bi," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀. Akàn ti lọ. Ṣé omi pọ̀ sí i?"

"Rárá o."

"Bí èmi náà bá lọ, tí omi ò pọ̀, wọ́n á ní ìrù ẹnì kan kúrú jù. Bàbá, báwo ni tiyín ṣe gùn tó?"

Ọ̀yà bojú wẹ̀yìn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun àti Ọ̀pọ̀lọ́ ya ilé dé ilé, wọ́n ń bi olúkúlùkù bí ìrù tirẹ̀ ṣe gùn tó.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìkookò dárin. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbè é o!

Ta ni ká lé lọ?

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó tún un dá. Ohùn rẹ̀ há.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ọ̀pọ̀lọ́ fò síwájú. "A gbọ́. A ò gbè é ni!"

Ìkookò yanu láti gbé e mì. Ọ̀yà dúró ti Ọ̀pọ̀lọ́, Ewúrẹ́ na ìwo. Ìkookò bojú wẹ̀yìn kó rán àwọn èèyàn rẹ̀ níṣẹ́: kò sẹ́nì kan lẹ́yìn rẹ̀ àfi ìrù rẹ̀. Ó ká ìrù náà, ó sọdá odò, kò padà wá mọ́. Ọ̀yà ló lọ mú Akàn wálé.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé, bí a bá ń pe gbogbo ẹni tó bí wa nínú ní Atẹnimọ́lẹ̀, ọjọ́ tí ojúlówó bá dé, a ò ní rí orúkọ pè é. Ó sì kọ́ wa pé agbára rẹ̀ kò sí lọ́fun rẹ̀. Ẹnu àwa tí à ń gbè é ló wà.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ó jókòó pẹ̀ẹ́. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró lẹ́ẹ̀mẹta: Pó! Pó!

Ẹ̀kẹta kọ̀. Ó dáa, mo jẹ́wọ́. Ibi tí mo ti purọ́ ni pé Ìkookò kò padà wá mọ́. Ó wà lódìkejì odò, ó ń tún ohùn ṣe.

Bó bá dá a, ẹ má gbè é.