Àáró Tí Àlàó Jẹ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sórí Ọyábùnmi, ìyá Àrìnọlá, opó tó ń gbin iṣu.

Ọyábùnmi ń sin Ọya. Àwọn mẹ́ta ló bá dá àáró: Bùráímọ̀ tó ń kírun, Jeremáyà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti Àlàó ẹlẹ́nu dídùn. Ẹ̀yin ọmọ mọ àáró: ẹ bá mi ro oko mi lónìí, n ó bá yín ro tiyín lọ́la.

Àlàó ní kí ti òun ṣíwájú. Wọ́n gbà. Ọkọ́ ń dún kì, kì, kì. Kí oòrùn tó wọ̀, oko Àlàó ti mọ́ tónítóní.

Ó kan Bùráímọ̀. Àlàó ránṣẹ́ sí i pé òun ti wọ ìjọ Jeremáyà, àwọn sì ń gbààwẹ̀. Ó kan Jeremáyà. Àlàó sọ fún un pé òun ti ń kírun báyìí, Jímọ̀ sì ni. Ó wá kan Ọyábùnmi. Koríko ti ń fún iṣu rẹ̀ lọ́rùn. Bí òjò bá bá a bẹ́ẹ̀, ebi ni yóò pa àwọn ọmọ rẹ̀. Àlàó ní, “Ìyá Àrìnọlá, ọ̀sẹ̀ òrìṣà mi lónìí. Èèwọ̀ ni kí n fọwọ́ kan ọkọ́.”

Ọyábùnmi ò bẹ̀ ẹ́. Ó gba oko lọ. Bùráímọ̀ àti Jeremáyà ti ń ro kó tó dé. Nígbà tí wọ́n jókòó ti iṣu sísun, ó sọ ohun tí Àlàó wí. Bùráímọ̀ bi Jeremáyà pé ṣebí ìjọ wọn ni Àlàó wà.

Jeremáyà ní, “Ìjọ wa kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ jọ ń kírun.”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀rín, inú bí wọn. Wọ́n ro oko náà títí, orí ebè ìkẹyìn ni òjò ti bá wọn.

Kò pẹ́, koríko tún bo oko Àlàó. Ó wá bẹ̀ wọ́n. Jeremáyà ní kí àwọn náà wá ààwẹ̀ kan gbà. Ọyábùnmi kọ̀. Ó ní àwọn ò ní fi irọ́ san irọ́, àwọn ò sì ní gba ìrẹ́jẹ mọ́. Ó bọ́ síta, ó dá orin:

Àlàó tó jẹ àáró,
*Wá san án!*
Ti Bùráímọ̀ ń bẹ nílẹ̀,
*Wá san án!*
Ti Jeremáyà ń bẹ nílẹ̀,
*Wá san án!*
Ọlọ́run ò rán ọ nírọ́,
*Wá san án!*

Gbogbo abúlé ń gbè é. Àlàó bínú jáde, ó ní ṣé torí ẹ̀sìn òun ni wọ́n ṣe kórìíra òun.

Ọyábùnmi wò ó lójú. “Wọ́n kọ́ Bùráímọ̀ pé ohun tó bá fẹ́ fún ara rẹ̀ ni kó fẹ́ fún ọmọnìkejì. Wọ́n kọ́ Jeremáyà pé bó ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe sí òun ni kó ṣe sí wọn. Nílé tiwa, bí a bá ń gé igi nígbó, à ń fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Èwo nínú rẹ̀ ló ní kí o jẹ àáró wa gbé?”

Àlàó gbé ọkọ́. Ó ro ti Bùráímọ̀, ó ro ti Jeremáyà, òógùn ń kán tó, tó, tó. Nígbà tó ro ti Ọyábùnmi tán, obìnrin náà bu oúnjẹ fún un bí ó ti ń bù fún àwọn yòókù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n lọ ro oko Àlàó. Koríko ti pa ìdajì iṣu ibẹ̀. Wọ́n gba ìyókù là. Ọyábùnmi ló ṣíwájú wọn wọ abúlé, ó gbórí sókè bí ọba.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹ má gbè mí lórin mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n ṣe sí yín, ẹ má ṣe é sẹ́nì kan. Ẹni tó bá sì fi orúkọ Ọlọ́run bo ìrẹ́jẹ, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀tọ́ yín, kí ẹ sì fún un ní tirẹ̀.