Igbá Kíkún Lórí Ọdẹ́tọ́lá

Ní ìlú Òkè-Ahùn láyé àtijọ́, kò sí agbo ilé tí ewúrẹ́ Ọdẹ́tọ́lá kò sí. Àwọn olówó mìíràn a máa ri owó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òun a máa fi tirẹ̀ ra abo ẹran, a sì kó wọn fún àwọn aláìní pé kí wọ́n máa bá òun sìn wọ́n. Àṣà ìlú ni pé bí ẹran bá bímọ, olówó ẹran á mú ọ̀kan, ẹni tó ń sìn ín á mú ọ̀kan. Ọdẹ́tọ́lá mọ àṣà náà dáadáa; àwáwí ni kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹran bá bí méjì, á ní ìyá wọn ti ń gbó, àwọn ọmọ ni yóò rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan sin ẹran fún un títí irun wọn fi funfun, wọn kò ní okùn ẹran kan tí wọ́n lè pè ní tiwọn.

Ọmọ òrukàn ni Ọdẹ́tọ́lá, àjẹkù onílé-onílé ló sì jẹ dàgbà. Nígbà tó di olówó, ó ní òun kò ní fi àjẹkù sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Níbi àsè àwọn àgbà, àwọn ọmọdé ló máa ń ru igbá àgbà délé, nítorí òkèlè díẹ̀ tí àgbà bá fi sílẹ̀ fún wọn. Ọdẹ́tọ́lá ní tirẹ̀ a fi ìka nu igbá mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọ rù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rù ú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì mọ̀wọ̀n ara wọn. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló wá ń rù ú.

"Àwọn tó ṣáájú kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi," ni ó máa ń wí. "Kí ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Ó ti gbàgbé ohun tó fi yó nígbà èwe.

Lálẹ́yẹ àgbẹ̀ wà lára àwọn tó ń bá a sin ẹran. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin Lálẹ́yẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, baba rẹ̀ sì fẹ́ ta òbúkọ kékeré tó kàn án, kí ó lè san owó oníṣègùn. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Ọdẹ́tọ́lá wá kó ẹran.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan yìí péré," ni Lálẹ́yẹ wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ọmọ ń kú lọ lọ́wọ́ mi."

"Bí mo bá fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ, kí ni mo máa sọ fún àwọn yòókù?"

Ó kó gbogbo wọn lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú bá ọmọ náà láyé.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ibà pa Àyọ̀ká, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́tọ́lá bí. Lálẹ́yẹ gbé ọkọ́ wá, ó bá wọn gbẹ́ ilẹ̀, ó sì padà sílé. Ohun tó fọ́ Ọdẹ́tọ́lá lọ́kàn nìyẹn. Àwẹ̀ró kó ẹrù rẹ̀, ó gba ilé baba rẹ̀ lọ, ọkọ rẹ̀ kò sì dá a dúró. Láti ọjọ́ náà ni Ọdẹ́tọ́lá ti ń fa ẹran kiri láti ojúlé dé ojúlé.

"Ẹ gbà á. Mi ò ní bèèrè ọmọ rẹ̀."

Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á bá ẹran náà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń gbà bọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ṣòroó gbà gbọ́ nígbà tó bá ń fúnni.

Nígbà tí ọdún iṣu tuntun dé, ó pa òbúkọ tó sanra jù. Òun fúnra rẹ̀ ló gún iyán, iyán náà sì kún fún kókó. Ó kó o pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran náà sínú igbá ńlá, ó gbé e sórí pèpéle ìdí odán, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Lálẹ́yẹ.

"Lálẹ́yẹ, wá bá mi jẹun. Bí ìwọ bá jẹ ẹ́, àwọn yòókù á jẹ ẹ́."

"Ẹ ṣeun, Baba. A ti jẹun."

"Ṣé o ṣì ń bínú sí mi ni?"

"Rárá o, Baba. Ìbínú ti tán. Ẹ̀rù yín ló ń bà wá."

Ọdẹ́tọ́lá jókòó ti igbá náà títí oòrùn fi rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò yà. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó pe àwọn ọmọ tó ń ṣeré nítòsí.

"Ẹ wá bá mi ru igbá yìí délé. Ẹ máa jẹ nínú rẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọbìnrin kan ní, "Baba, kò sí nǹkan nínú igbá yín."

"Ó kún, ọmọ mi. Wá wò ó."

"Bí ẹ ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn, kó tó rù ú lófìfo." Ni gbogbo wọn bá túká.

Ọdẹ́tọ́lá tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó fa igbá sórí, ó sì ń lọ. Ọbẹ̀ ń kán sí i léjìká. Àwọn èèyàn ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ń kí i kú àárẹ̀. Nígbà tó dé àgbàlá rẹ̀, ó ké pe Àwẹ̀ró kó wá bá òun sọ ẹrù, ó tún ké pe Àyọ̀ká, kó tó rántí. Ó gbìyànjú láti dá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Igbá yẹ̀, ó fọ́, iyán sì fọ́n sílẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n dá padà fún un ló wá jẹ ẹ́, òun sì dúró láàárín wọn, ó ń sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Òkè-Ahùn, tí gbogbo wa fi gbọ́ ọ, pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.