Àgbọ̀nrín Oníwo Gígùn

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú Olúọdẹ, olórí ọdẹ tuntun, rí lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé, ọdẹ ilẹ̀ igbó! Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ọba ti mú Olúọdẹ náà wá, ó sì fojú di ẹtu kékeré tí Ọdẹ́rìndé fọfà pa nínú igbó dídí. Ó ní níwájú ọba pé, “Àgbọ̀nrín tí ìwo rẹ̀ gùn tó apá mi là ń pa níbi tí mo ti wá. Gbé irú ẹ̀ wá lọ́la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá dá ọrun ẹ!” Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Bàbá, ẹ ṣíwájú, kí n wá kọ́ṣẹ́.” Olúọdẹ bá gbé ọrun gàgàrà, ó wọgbó. Tó bá ní kóun fa ọrun, ìtàkùn á dì í mú; tó bá ta ọfà, igi ló ń bà. Ìrọ̀lẹ́ ló tó jáde síwájú ọba, ẹ̀wù ti ya, ìgbín kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba bú sẹ́rìn-ín: “Olúọdẹ, ìwo dà?” Ọdẹ́rìndé ti tẹjú mọ́ ìgbín: “Kábíyèsí, ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kó yọ ìwo náà síta, ká fi wọn apá Bàbá.”