Àwọn Ọkọ̀ Tí Ń Dúró Lórí Òkè

Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan wà tí wọn kì í sinmi nígbà tí wọ́n bá ń gun òkè, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gùn ún tán, tí iṣẹ́ ti parí lójú ẹni tí ń wò wọ́n, ìgbà náà gan-an ni wọn yóò yà sẹ́bàá ọ̀nà, tí wọn yóò dúró. Àwọ̀ eérú ni a fi kùn wọ́n. Kò sí táyà tí ó jò, kò sí ọlọ́pàá tí ó dá wọn dúró. Awakọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò rìn yí ọkọ̀ ká, yóò padà wọlé, ọkọ̀ yóò sì máa sọ̀ lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó ru omi tí kò fẹ́ kí ó dànù.

Àwọn ará ìlú tí ó wà nísàlẹ̀ òkè náà ti sọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ wọ̀nyí lórúkọ: Ẹ-jẹ́-á-sinmi. Wọ́n ní ọkọ̀ wọn ti gbó, pé òkè ti gba agbára wọn.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní ìlú náà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní wíwa tírélà. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé, bí ó bá jókòó ti oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wa ọkọ̀ lábẹ́ tábìlì. Ilé-iṣẹ́ méjì ni ó ti ṣe tán láti gbà á. Àwọn ọlọ́kọ̀ pupa, tí ọkọ̀ wọn ń dán gbinrin, ní kí ó wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ dè é. Ẹ-jẹ́-á-sinmi ní tiwọn ní kí ó kọ́kọ́ jókòó ti awakọ̀ àgbà kan títí òjò ọdún náà yóò fi dá, kí ó tó dá ọkọ̀ wà. Ó sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, nítorí bí ìhà kan bá ti gba ènìyàn, ìhà kejì kì í bojú wo olúwarẹ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ti gba kọ́kọ́rọ́ ọlọ́kọ̀ pupa ní tirẹ̀. Ó wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ṣì ń ro ti Ẹ-jẹ́-á-sinmi.

"Bàbá àgbà, ṣé o ti ra ẹní tí o máa tẹ́ sórí òkè?"

"Ẹní ti wà nílé. Ìrọ̀rí ni mo ń wá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, ọkàn ọ̀dọ́kùnrin náà ti lọ sọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ pupa. Ṣùgbọ́n irú ẹni tí àlọ́ tí kò rí ìtumọ̀ kì í jẹ́ kí ó gbádùn oúnjẹ ni. Ó rò ó báyìí: bí ọkọ̀ bá gbó, ìsàlẹ̀ òkè ni yóò ti kọ̀, tàbí kí agbára rẹ̀ tán ní àárín. Èyí tí ó bá gùn ún dé téńté ti fi hàn pé òun lágbára. Àárẹ̀ kì í dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá tán kí ó tó mú ni. Nítorí náà, ohun tí àwọn ará ìlú ń wí kò bá ohun tí ojú rí mu.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé ku ọ̀la, ó gun òkè náà, ó jókòó sórí òkúta. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan fi dé, tòun ti ẹrù sìmẹ́ǹtì, ó yà sẹ́bàá, ó dúró. Awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun, sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá tí ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

Ọ̀dọ́kùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ má bínú, kí ló ṣe ọkọ̀ yìí?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi dúró?"

"Nítorí pé kò tíì ṣe nǹkan kan ni," ni àgbà náà dáhùn. "Gòkè wọlé, ọmọ mi. Ìsàlẹ̀ kan náà ni à ń lọ."

Bí wọ́n ti jókòó tán, ọkọ̀ pupa kan yọ lẹ́yìn wọn. Kò rọra, kò dúró. Ó kọjá bí ìjì, ó sì ń fọn fèrè títí. Ara ọ̀dọ́kùnrin náà yá gágá.

"Bàbá, fèrè yẹn dùn o."

"Wo ìsàlẹ̀ ná."

Ó wò. Àwọn ènìyàn ń sá kúrò lójú títì, àwọn ọlọ́kadà ń forí kó igbó. Ọkọ̀ pupa náà kọjá oríta tí ó yẹ kí ó yà sí, ó kọjá ọjà, ibi tí ó ti rí ara rẹ̀ dá dúró jìnnà, èéfín sì ń rú lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bíréèkì rẹ̀ ti gbóná, kò mú mọ́," ni àgbà náà wí. "Fèrè ló fi dípò rẹ̀."

Nígbà náà ni ó fi ọkọ̀ sí jíà kékeré, ó sì jẹ́ kí ó máa sọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà ń wo ẹsẹ̀ àgbà náà: ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà wà, kò tẹ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì ń kùn lábẹ́ wọn, ẹrù ńlá náà sì ń tẹ̀ lé e bí ẹran tí a so. Agbára kan náà tí ó gbé wọn gun òkè ni ó dì wọ́n mú bí wọ́n ti ń sọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ò tẹ bíréèkì rárá."

"Mo fi í pamọ́ de ewúrẹ́ tí yóò já sọ́nà ni."

Ní oríta, àgbà náà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ sì dúró síbi tí ó fẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí òun náà wá wò ó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun ti gba kọ́kọ́rọ́ ná. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní tirẹ̀ kọjá lọ sí Ẹ-jẹ́-á-sinmi, ó ní òun yóò jókòó ti awakọ̀ àgbà títí òjò yóò fi dá.

Ìwọ náà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán, tí ara rẹ ń yá, tí o ń wá ọ̀gá tí o óò kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, má ṣe yan ẹni tí ó kánjú jù lọ láti fún ọ ní kọ́kọ́rọ́. Má sì wo bí wọ́n ṣe ń gùn, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó lè gùn. Lọ wo bí wọ́n ṣe ń múra láti sọ̀. Àwọn ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ń dúró lórí òkè nítorí pé ibẹ̀ ni ibi ìkẹyìn tí awakọ̀ ti lè yan bí òun yóò ṣe sọ̀. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹrù ni yóò yàn án fún un.